Ìsopọ̀ Irin Lójú Alámèyítọ́: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀pá Onírin Méjì ní Kúta

1. Ìfáárà

Ibi tí irin méjì ti pàdé ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ọ̀pọ̀ ni àwọn tí wọ́n ti kọ̀wé nípa Ògún, nípa alágbẹ̀dẹ, àti nípa àwọn ọ̀pá onírin tí babaláwo àti oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ń lò. Bí a bá ka àwọn ìwé wọ̀nyí tán, a ó ṣàkíyèsí pé ẹyẹ tí ó bà sórí ọ̀pá ni wọ́n ń wò; wọn kì í wo ẹsẹ̀ ẹyẹ. Àwa fẹ́ wo ẹsẹ̀ ẹyẹ níhìn-ín, ní pàtàkì ibi tí ó ti wọ ara ọ̀pá, tí iná sì ti sọ wọ́n di ọ̀kan. Èrò wa ni pé, nínú ẹ̀yà iṣẹ́ ọnà yìí, ìdúró ọ̀pá ni olórí ìtumọ̀ rẹ̀, ìsopọ̀ ni ó sì gbé ìdúró náà ró. Alámèyítọ́ tí kò bá mọ ohun tí iná ṣe fún irin níbi ìsopọ̀ yóò máa yin iṣẹ́ tí kò yẹ fún ìyìn, yóò sì máa tàbùkù èyí tí ó yẹ kí ó yìn.

Mo ní ẹjọ́ láti jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú sẹ́mínà tí a ṣe ní ọdún tí ó kọjá, mo dúró níwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo sì sọ pé àwọn ọ̀pá tí àwọn jórinjórin ń ṣe lóde òní kì í ṣe iṣẹ́ ọnà mọ́, pé àfarawé ọjà lásán ni wọ́n. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin olùkọ́ bi mí pé, ‘Ṣé o ti rí èyí tí ó ṣẹ́ nínú wọn rí?’ N kò tíì rí i. Mo mọ̀ ní ọjọ́ náà pé ohun tí mo ń pè ní ìdájọ́ kò ju ìkórìíra ohun tuntun lọ. Ìbéèrè yẹn ni ó gbé mi lọ sí Kúta.

Kúta wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò jìnnà sí Ìwó. Olówu ni oyè ọba ibẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ohùn ọ̀rọ̀ ṣeré: Òwu tí ó wà nínú oyè yìí kò bá owú alágbẹ̀dẹ tan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀.) Ilé àrọ àti ìsọ̀ jórinjórin jọ wà níbẹ̀, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú agbègbè Ìwó. Oníbàárà kan náà ni wọ́n sì ń pín: ẹni tí ọkọ́ rẹ̀ yọ lọ́rùn ní òwúrọ̀ lè wá di ẹni tí ó fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn irin ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, ibi tí ó dára fún ìwádìí wa ni.

2. Ohun tí àwọn aṣáájú ti sọ

Ẹni tí a kò lè ṣàì kọ́kọ́ dárúkọ ni Robert Farris Thompson. Nínú àròkọ rẹ̀ ‘Icons of the Mind’, tí ó jáde nínú African Arts ní 1975, ó tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ ọnà àwọn oníṣègùn láti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí òdìkejì òkun Àtìláńtíìkì. Ó fi yé wa pé ẹyẹ orí ọ̀pá Ọ̀sanyìn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Orí ni, àṣẹ ni, ọgbọ́n inú ẹni tí ó mọ ewé ni. A kò bá a jiyàn lórí èyí. Ṣáájú rẹ̀ ni Denis Williams, ọmọ ilẹ̀ Guyana tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ àti ti Èkó ní àwọn ọdún 1960, ti kọ Icon and Image (1974). Ní tirẹ̀, ó fún irin àti idẹ ní àyè tí àwọn tí ojú wọn kò kúrò lára ère onígi kò fún wọn. Ní 1989, Sandra Barnes ṣe olóòtú Africa’s Ogun. Nínú rẹ̀ ni Adébóyè Babalọlá ti fi ìjálá ya àwòrán Ògún fún wa, tí a fi rí i pé òrìṣà náà kò mọ sí ogun àti ẹ̀jẹ̀ nìkan.

Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ìdánwò kan wò wọ́n. Bí a bá gba ẹyẹ onírin náà kúrò, tí a fi igi gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀, ǹjẹ́ ohun tí alámèyítọ́ wí nípa rẹ̀ yóò yí padà? Bí kò bá ní yí padà, a jẹ́ pé ẹyẹ ni ó kà, kò tíì ka irin. Ní ojú tiwa, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Thompson wí ni yóò dúró bí ó ti wà bí ẹyẹ náà bá jẹ́ ti igi, ti idẹ tàbí ti amọ̀. Ìwúlò ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dín kù nítorí èyí. Ohun tí ó fi hàn ni pé ibi tí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí.

Àfihàn kan tí ó jáde láìpẹ́ gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Ní 2018, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fowler ní Los Angeles gbé iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Áfíríkà jáde lábẹ́ àkọlé Striking Iron. Tom Joyce, tí ó ṣáájú àwọn tí wọ́n ṣètò rẹ̀, jẹ́ alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ti di ẹ̀mú mú rí kì í wo irin bí ẹni tí ó kàn ń kà nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n àfihàn gbogbo Áfíríkà ni, kò sì sí bí ó ṣe lè dúró pẹ́ lórí ẹsẹ̀ ẹyẹ kan.

Kí ni ìdí tí a fi sọ pé ìdúró ni olórí ìtumọ̀? Òfin tí gbogbo babaláwo mọ̀ ni pé òsùn kì í dùbúlẹ̀. Òòró ni à ń mú un, òòró ni à ń gún un mọ́lẹ̀. Bí ó bá ṣubú, àmì ibi ni, a ó sì bi Ifá léèrè. Bákan náà ni ọ̀pá Ọ̀sanyìn ṣe ń dúró ní ojúbọ rẹ̀. Ipasẹ̀ tí Thompson tọ̀ gba orí òkun lọ fúnra rẹ̀ ni ó fún wa ní ẹ̀rí tí ó lágbára jùlọ. Ní Kúbà, àwọn Lùkùmí ní òsùn tiwọn. Ó kéré, ó ní ife kékeré, àkùkọ ni ó sì sábà máa ń wà lórí rẹ̀ dípò ẹyẹ tí àwa mọ̀. Irin kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹyẹ yí padà, ohun tí a fi ṣe é yí padà, ìwọ̀n rẹ̀ yí padà. Ohun tí kò yí padà ni pé kò gbọdọ̀ ṣubú. Bí ó bá ṣubú níbẹ̀ pẹ̀lú, ìkìlọ̀ ewu ni fún onílé. Ohun tí ó la òkun já láìyí padà ni ó yẹ kí alámèyítọ́ kọ́kọ́ dúró lé lórí.

3. Le, yi àti rọ̀

Kí a tó dé orí àwọn ọ̀pá náà, ó yẹ kí a yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó fi dájọ́ wò, nítorí pé èdè wa ní wọn, a kì í sì í lò wọ́n.

Ohun tí ó le kì í ṣe ohun tí ó yi. Eegun le, iṣan yi. Àwo tánńganran le, ó sì ń fọ́. Awọ ẹran yi, kì í fọ́. Ẹni tí ó bá ń jẹ ẹran tí ó yi kò ní sọ pé ó le bí òkúta. Ẹ̀wẹ̀, ohun tí kò le tí kò sì yi, a ní ó rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan rìn yàtọ̀ pẹ̀lú: ohun tí ó le jù a máa ṣẹ́, ohun tí ó rọ̀ jù a máa tẹ̀. Òwe tí ó ní bí irin bá kan irin, ọ̀kan á tẹ̀ fún ọ̀kan, fi ọ̀rọ̀ yìí sí àyè rẹ̀ gan-an. Kò sọ pé ọ̀kan á ṣẹ́ fún ọ̀kan. Títẹ̀ ni ìwà irin tí a rọ dáadáa.

Àwọn onímọ̀ irin ní ilẹ̀ òyìnbó náà ní láti ya líle àti yíyi sọ́tọ̀ kí wọ́n tó lè wọ̀n wọ́n. Johan August Brinell ti ilẹ̀ Sweden gbé ọ̀nà kan jáde ní 1900, tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù líle mọ́ ojú irin láti wọn bí ó ti le tó. Georges Charpy ti ilẹ̀ Faransé gbé tirẹ̀ jáde ní 1901. Òun ṣá irin lójú kan, ó sì jẹ́ kí òòlù tí a so rọ̀ fì wá lù ú, kí a lè mọ iye agbára tí irin náà yóò gbà kí ó tó já. Líle ni Brinell ń wọ̀n, yíyi ni Charpy ń wọ̀n. A kò sọ pé àwọn baba wa ti wọ̀n ọ́n ṣáájú wọn. Irú ọ̀rọ̀ ìyangàn bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún ẹ̀kọ́ wa. Ohun tí a sọ ni pé ìyàtọ̀ náà wà nínú èdè, alámèyítọ́ sì lè fi ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kẹrin ni jó. Ní ìsọ̀ wẹ́dà, ‘mo ti jó o’ túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti parí, irin méjì ti di ọ̀kan. Ní ilé àrọ, bí alágbẹ̀dẹ bá sọ pé irin ‘ti jó’, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn: iná ti pọ̀ jù, irin ti ń ta iná pàràpàrà, yóò sì máa rún lábẹ́ ọmọ owú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìdájọ́ méjì. Mo rò pé inú ìyàtọ̀ yìí ni èmi fúnra mi ti bọ́ sínú àṣìṣe ní ọdún tí ó kọjá: etí alágbẹ̀dẹ ni mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ jórinjórin.

4. Àwọn ọ̀pá náà

Ọ̀pá kìn-ín-ní jẹ́ òsùn tí ó ti wà ní ilé babaláwo kan láti ayé bàbá rẹ̀ àgbà. Gíga rẹ̀ tó èjìká ọkùnrin. Ẹyẹ kan ṣoṣo ni ó wà lókè. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn agogo kéékèèké onímunú so mọ́ ọ̀pá náà ní ìdì ní ìdì, tí wọ́n ń dún bí a bá fi ọ̀pá náà gún ilẹ̀ rìn. Ìlò yìí ṣe pàtàkì. Ọ̀pá tí a ń fi gún ilẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ ìyà ní gbogbo ìsopọ̀ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyà náà, ṣùgbọ́n kì í dáwọ́ dúró.

Alágbẹ̀dẹ ni ó so ẹyẹ yìí mọ́ ọ̀pá, láìlo iná mànàmáná. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: a ó pọn orí irin méjèèjì nínú èédú títí tí wọn yóò fi kọjá pípupa bí osùn, tí wọn yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí wọn yóò sì funfun, ní nǹkan bí ìwọ̀n 1,200 sí 1,300 Celsius. A ó wọ́n iyanrìn díẹ̀ sí i kí ìdọ̀tí ojú irin lè yọ́ dànù. A ó wá gbé ọ̀kan lé èkejì lórí owú, a ó sì lù wọ́n kánkán kí ooru tó lọ. Irin àtijọ́ tí a yọ́ nílé gba irú ìsopọ̀ báyìí dáadáa. Ó sábà máa ń ní kábọ́ọ̀nù díẹ̀, ìdàrọ́ tín-ín-rín tí ó kù nínú rẹ̀ sì ń yọ́ ní ìwọ̀n iná yìí, ó ń ran iyanrìn lọ́wọ́. Nítorí pé kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré, bí a tilẹ̀ tì í bọ omi lẹ́yìn náà, kò lè le púpọ̀. Ó rọ̀ díẹ̀, ó sì yi.

Bí a bá fi ojú lásán wo ìsopọ̀ òsùn yìí, a ó rí i pé ọ̀pá náà nípọn díẹ̀ níbẹ̀, bí oríkèé ìka. Ẹni tí ó bá ń wá ẹwà yóò rò pé alágbẹ̀dẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi ọrùn sí ẹyẹ náà ni. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n níbi agogo kan nísàlẹ̀, mo rí ibi tí ètè irin kan kò lẹ̀ mọ́ èkejì tán. Eèpá wọ àárín wọn nígbà tí ooru ti lọ kí ọmọ owú tó dé. Alágbẹ̀dẹ náà mọ̀, nítorí pé ó fi òrùka irin dì í lórí. Nítorí náà, kí a má ṣe sọ pé gbogbo iṣẹ́ àtijọ́ ni ó pé. Ẹni tí ó ṣe òsùn yìí ṣe àṣìṣe, ó sì tún un ṣe. Títún-un-ṣe náà wà lára ohun tí ó yẹ kí a yìn ín fún.

Ọ̀pá kejì ni ó fa ọ̀rọ̀. Ọ̀pá Ọ̀sanyìn ni, ẹyẹ mẹ́rìndínlógún yí ẹyẹ àárín ká. Oníṣègùn tí ó ni ín gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin jórinjórin kan ṣe. Ọ̀pá àárín jẹ́ irin ródù tí wọ́n fi ń kọ́lé. Ara ẹyẹ jẹ́ páànù tí a gé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ ni wọ́n gé láti ara sípíríìnì ọkọ̀, nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà rò pé ohun tí ó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ yóò tẹ̀ bí kò bá le. Ẹ ṣàkíyèsí ìrònú rẹ̀: títẹ̀ ni ó ń bẹ̀rù. Kò ronú nípa ṣíṣẹ́.

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹyẹ kan ti já bọ́. Mo gbé ojú tí ó ti ṣẹ́ wò ní ojú oòrùn. Kò ṣẹ́ níbi tí irin tuntun ti yọ́ sí. Ibẹ̀ ṣì wà digbí lára ọ̀pá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ti ṣẹ́, nínú sípíríìnì fúnra rẹ̀, ní ìwọ̀nba ibi tí iná ti pọn ọ́n láìyọ́ ọ. Ojú ṣíṣẹ́ náà ń dán, ó rí bí hóró iyọ̀, kò sì sí ibi tí ó ti tẹ̀ kí ó tó já.

Ẹ̀kọ́ nípa irin ṣàlàyé èyí kedere. Irin ródù lásán tí ó rọrùn láti jó sábà máa ń ní kábọ́ọ̀nù tí kò tó ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti sípíríìnì ọkọ̀ máa ń tó ìdá 0.5 sí 0.65. Bí iná bá gbé irin kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 727 Celsius, ètò inú rẹ̀ a yí padà, kábọ́ọ̀nù a sì tú ká sínú rẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń tú ká sínú omi. Bí ó bá tutù díẹ̀díẹ̀, kábọ́ọ̀nù yóò rí àyè jáde, irin yóò sì rọ̀. Bí ó bá tutù lójijì, kábọ́ọ̀nù yóò há sínú rẹ̀, irin yóò sì di ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní martensite: ó le gidigidi, kò sì yi rárá. Bí a bá tún mú irú irin bẹ́ẹ̀ yáná ní ìwọ̀n tí kò tó ti àkọ́kọ́, yóò jọ̀wọ́ díẹ̀ nínú líle rẹ̀, yóò sì gba yíyi dípò. Alágbẹ̀dẹ tí ń ṣe àdá mọ èyí. Lẹ́yìn tí ó bá ti àdá bọ omi, ó ń mú un yáná, ó sì ń wo àwọ̀ tí ń sáré lójú rẹ̀ láti àwọ̀ àgbàdo gbígbó títí dé àwọ̀ aró, kí ó lè mọ ibi tí yóò ti dá iná dúró.

Mo gbé ẹyẹ tí ó já náà lọ bá alágbẹ̀dẹ àgbà kan ní ìlú náà, jórinjórin sì bá mi lọ, ojú ń tì í díẹ̀. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi èékánná ha ojú rẹ̀.

‘Ta ni ó bu omi sí i?’

‘Èmi ni, Bàbá. Oníbàárà ń kánjú ni.’

‘Omi ni ó pa á. Iná kò pa á.’

Nínú gbogbo lámèyítọ́ tí mo ti kà lórí iṣẹ́ ọnà onírin Yorùbá, n kò tíì rí gbólóhùn kan tí ó tó èyí. Ó dá ẹ̀bi fún ohun tí ó jẹ̀bi, ó sì dá iná mànàmáná láre.

Iṣẹ́ àtúnṣe náà gba òwúrọ̀ kan gbáko. Bàbá ní kí a kọ́kọ́ gbé ìdí ẹsẹ̀ ẹyẹ sí ẹ̀gbẹ́ èédú. Ó ń kán epo pupa sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí epo náà bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, èyí tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n 230 Celsius, ó ní ó tó. Kò sí ìwé wẹ́dà kan tí yóò bá a jiyàn, nítorí pé irú irin báyìí gbọ́dọ̀ gbóná ṣáájú kí a tó jó o, kí ooru má baà sá kúrò níbi ìsopọ̀ lójijì. Ó tún ní kí jórinjórin gbé àwọn ẹlẹ́kítíróòdù rẹ̀ sún mọ́ iná, nítorí pé ilẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ tutù. Ìdí èyí náà wà: ọ̀rinrin inú èèpo ẹlẹ́kítíróòdù a máa tú háídírójìn sínú irin, háídírójìn yìí sì lè la irin líle lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ méjì, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà jó o. Kí pípọ́n rẹ̀ tó kúrò lójú, Bàbá gbà á, ó sì rì í sínú eérú gbígbóná. Ó ní kí a lọ jẹun.

Nígbà tí a yọ ọ́ ní ọ̀sán, Bàbá fi ìka ta ẹyẹ náà. Ó mì, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Lójú tèmi, ìgbà náà ni ẹyẹ náà tó di ẹyẹ. Èyí tí kò tíì gba àtúnṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í mì; ó dúró gan-an bí ìṣó. Mo sì ti rò ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ̀pá náà pé gígan náà ni àìmọṣẹ́ọnà jórinjórin, pé ojú rẹ̀ kò mọ bí ẹyẹ ti ń rí. Kì í ṣe ojú rẹ̀. Omi ni.

5. Ìsopọ̀ àtijọ́ àti ìsopọ̀ òde òní

Ẹnìkan lè sọ pé a ti sọ ọ̀rọ̀ ọnà di ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́, pé kí ẹyẹ má já bọ́ kò tó nǹkan tí a ó pe sẹ́mínà lé lórí. Kí á wo ohun tí ìsopọ̀ kékeré lè ṣe níbòmíràn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1980, ilé orí omi kan tí ń jẹ́ Alexander L. Kielland dojú dé ní Òkun Àríwá, ní apá ti ilẹ̀ Nọ́wè. Ènìyàn 212 ni ó wà lórí rẹ̀, 123 kú. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú àwọn irin ńlá tí ó di àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ni ó ti já. Lílà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti jó ohun kékeré kan mọ́ ọn lára, ohun tí a ń fi ohun èlò ìgbọ́ròó inú omi sí. Ìjópọ̀ oní-mílímítà mẹ́fà lásán ni, kò sì gbé ẹrù kankan. Àwọn tí wọ́n ṣe é kà á sí àfikún, bí àwa alámèyítọ́ ṣe ń ka ẹsẹ̀ ẹyẹ sí àfikún.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ‘ojúlówó’ àti ‘ayédèrú’. Èrò tí mo gbé kalẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá, tí ó sì wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ń ra iṣẹ́ ọnà, ni pé ohun tí alágbẹ̀dẹ fi ọmọ owú so ni ojúlówó, pé ohun tí wẹ́dà jó ni ayédèrú. Ère Gou tí Akati Ekplékendo ṣe ní Dahomey ní nǹkan bí 1858 yẹ kí ó ti tú wa sílẹ̀ nínú èrò yìí. Irin tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá ni wọ́n tún lò fún un, ìṣó àti bóòtù ni wọ́n sì fi kan ọ̀pọ̀ rẹ̀ mọ́ra. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ayédèrú ni. Ó ti wà ní Paris láti 1894, kò sì sí nínú iṣẹ́ 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà fún Bẹ̀nẹ̀ ní 2021; ẹni tí ó ka nǹkan sí ayédèrú kì í dì í mú báyẹn.

Ní Paris yìí kan náà, Julio González kọ́ iṣẹ́ jórinjórin ní ilé iṣẹ́ Renault ní 1918. Nígbà tí ó di òpin àwọn ọdún 1920, ó ń fi ìmọ̀ náà ran Picasso lọ́wọ́ láti ṣe ère onírin, àwọn alámèyítọ́ Yúróòpù sì kí i káàbọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó la ọ̀nà tuntun. Iná tí a kọ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ di ìlọsíwájú lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin Kúta tí ó kọ́ tirẹ̀ ní ìsọ̀ ẹ̀bá títì, a pè é ní ìbàjẹ́ àṣà. N kò rí ìdí kan tí ó tọ̀nà fún ìyàtọ̀ yìí, mo sì yí ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọdún tí ó kọjá padà.

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tí wẹ́dà bá jó ni ó dára. Ọ̀pá kejì, bí mo ti kọ́kọ́ bá a, kò dára. Àìdára rẹ̀ kò wá láti ara ọ̀nà tí a gbà so ó. Ó wá láti inú àìmọ irú irin tí ó wà lọ́wọ́ àti láti inú ìkánjú níbi ìtutù. Àṣìṣe kan náà ni alágbẹ̀dẹ tí ó bá ti sípíríìnì bọ omi tí kò sì jẹ́ kí ó yáná yóò ṣe, ẹyẹ rẹ̀ yóò sì já bákan náà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí alámèyítọ́ bi ọ̀pá onírin ni pé: irin wo ni èyí, ooru wo ni ó gbà, báwo ni ó ṣe tutù? Ojú ìsopọ̀ sábà máa ń dáhùn bí a bá wò ó dáadáa. Àwọ̀ aró tí ó yí ìsopọ̀ ká wà níbẹ̀ bí a kò bá ti fi ọ̀dà bò ó. Oríkèé tí ó nípọn wà níbẹ̀. Òrùka tí ó bo àṣìṣe wà níbẹ̀. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí àwọn tí ń ta ọ̀pá wọ̀nyí fún àlejò tí wọ́n ń fi ọ̀dà dúdú kùn wọ́n kí wọ́n lè jọ ti àtijọ́, nítorí pé ẹ̀rí tí a nílò gan-an ni wọ́n ń bò.

Nígbà tí mo fi Kúta sílẹ̀, ẹyẹ méjìlá nínú mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ti tún ṣe. Bàbá àti jórinjórin ń ṣe méjì méjì ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ oko kò bá pọ̀. Mẹ́rin tí ó kù ṣì wà lórí ọ̀pá náà. Oníṣègùn náà kò jẹ́ kí a gbé ọ̀pá náà dùbúlẹ̀ ní ilé àrọ, nítorí náà wọ́n gbẹ́ ihò sí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owú, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń gún un sí bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.